Ìdọ̀bálẹ̀ Kò Dá Àdírẹ́ẹ̀sì Mi Padà

Ọkùnrin tó ni ilé kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ní Ìkòtún ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ mí ni ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ ọdún 2011 tó wọlé, lẹ́yìn tí a ti kírun Jímọ̀ tán, kí wọ́n tó pe ìrun alásárì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ní ìyá, ìyá náà kò sì ṣẹ̀ mí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú àdírẹ́ẹ̀sì tí mo rà lórí ayélujára, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo là sílẹ̀ kí ọmọ mi lè gba ibẹ̀ rí mi.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé kẹta ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó fà mí lé bíríkìlà kan lọ́wọ́. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó jókòó ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, níbi tí mo ti kọ́ kíkà àti kíkọ èdè wa. Òyìnbó tí mo gbọ́ kò kọjá èyí tí a fi ń ná owó bíríkì. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé. Láti ìgbà tí ewéko ṣì pọ̀ ju òrùlé lọ ní Igàndó ni mo ti ń mọ ògiri káàkiri Alimọ́ṣọ́, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Bárúwà, títí dé ẹnu ààlà ní Àgbàdo. Mo mọ̀ pé bíríkìlà kì í bá onílé pín ilé. Bí ó bá parí iṣẹ́, yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀, yóò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa lọ. Òfin tí mo fi ṣe iṣẹ́ nìyẹn, òun náà ni mo rò pé gbogbo ẹni tó ń kọ́ nǹkan fún ènìyàn ń tẹ̀lé.

Kí n tó fẹ́ ìyàwó tí ó wà nílé mi báyìí, mo bí ọmọbìnrin kan. Igàndó ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ kan tí òórùn ààtàn ńlá máa ń wọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Èmi àti ìyá ọmọ náà kò gbọ́ ara wa yé mọ́. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo gbà. Mo rò ó pé bí èmi kò bá lè fún un ní ju ibi tí à ń gbé lọ, kò yẹ kí n dí i lọ́nà. Fún ọdún méjì, lẹ́tà ń wá sí ilé yẹn, àwòrán ilé àti ti òjò dídì funfun tí ọmọ náà yà sì ń bá a wá. Lẹ́yìn náà ni onílé ta ilé, ẹni tó rà á sì wó o. A kó kúrò. Mo fi àdírẹ́ẹ̀sì Ìkòtún ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èsì. Bóyá àwọn náà ti kó kúrò níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí mo padà lọ wo ibi tí ilé wa wà, àwọn tó ń ta táyà àlòkù ni mo bá níbẹ̀, wọn kò mọ ẹni tí mo ń pè ní onílé.

Ní ọdún 2009, obìnrin kan tí a jọ gbé ilé Igàndó yẹn rí dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìyá ọmọ mi ti kú. Ó ní òun rí ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ṣe àdúà fún olóògbé, pé ó ti di odidi obìnrin, pé ó sì bi òun léèrè bóyá bàbá òun ṣì wà láyé. Mo bi obìnrin náà pé kí ni ó dá a lóhùn. Ó ní òun sọ fún un pé òun kò mọ̀. Mo bèèrè nọ́ńbà fóònù ọmọ náà. Ó ní òun kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bá a jà, nítorí ta ló lè mọ̀ pé òun yóò tún padà rí mi ní Ìkòtún? Ohun tí ó fi tù mí nínú ni pé níbi tí ọmọ wà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wá ènìyàn. Wọn yóò tẹ orúkọ rẹ, ibi tí o wà yóò sì jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé mi lọ sí ilé kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ni í lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọmọ Èkìtì ni, olùkọ́ ni bàbá rẹ̀. Mo ní kó bá mi tẹ orúkọ mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Mùsùlùmí tí mo ń jẹ́ wọ́pọ̀, ti bàbá mi náà kò sì ṣọ̀wọ́n ní ìlú wa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jáde: agbábọ́ọ̀lù kan, dókítà kan, ọkùnrin kan tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ ní ilé ẹjọ́. Orúkọ mi pọ̀ níbẹ̀. Èmi ni n kò sí níbẹ̀.

Mo sọ ìdí tí mo fi ń wá ara mi fún un. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pa kọ̀ǹpútà tì, ó ń wò mí. Òun ni ó sọ pé ohun tó yẹ mí ni wẹ́bùsáìtì tèmi, tí orúkọ mi gan-an yóò jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, pé ẹni tó bá tẹ orúkọ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ já sí. Mo ní kó là á yé mi.

Ó ní, “Daddy, ẹ̀yin ni ó máa tètè yé jù. Àdírẹ́ẹ̀sì ni nọ́ńbà ilé. Ilẹ̀ tí ilé jókòó lé, àwọn kan ló ń fi í háyà ní Amẹ́ríkà, orí kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í kú ni. Ojú ìwé tí èèyàn ń kà, òun ni ilé. Èmi ni mo máa kọ́ ọ. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀yin jọ ń ṣe jàre.”

Ó yé mi lóòótọ́. Ó yé mi ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé Alimọ́ṣọ́ pẹ́ ló mọ ohun tí ilẹ̀ ń fi ojú ènìyàn rí. Èmi fúnra mi ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ sára ògiri tí mo mọ pé ilé yìí kì í ṣe títà, nítorí àwọn tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ẹyọ kan fún ẹni mẹ́ta. Nítorí náà, mo ṣe é bí ẹni ń ra ilẹ̀. Mo gba rìsíìtì. Mo mú alága ẹgbẹ́ bíríkìlà wa àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ kápẹ́ńtà lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. A lẹ sítáǹbù mọ́ ìwé àdéhùn, a tẹ̀ka, a tọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú mi balẹ̀. Mo rò ó pé kò sí ihò tí mo fi sílẹ̀.

Ihò wà. Nígbà tí ó fẹ́ ra àdírẹ́ẹ̀sì náà níwájú wa, kọ̀ǹpútà ní kí olóhun fi í-méèlì rẹ̀ sílẹ̀. N kò ní í-méèlì. Ó ní òun lè ṣí ọ̀kan fún mi, pé yóò gbà wá ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, pé n óò máa rántí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Èmi ni mo ní kó máà yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ní kó fi tirẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé níbi tí wọ́n ti máa ń dá mi lẹ́bi nìyẹn. Bí bíríkìlà bá lọ ra sìmẹ́ńtì fún ẹni tó ń kọ́lé, orúkọ bíríkìlà ni onísìmẹ́ńtì máa ń kọ sínú ìwé, nítorí òun ni oníbàárà tí ó mọ̀. N kò tíì rí i kí bíríkìlà kan wá sọ lọ́jọ́ kan pé torí orúkọ òun ni wọ́n kọ sára ìwé sìmẹ́ńtì, òun ni òun ni ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá dán an wò nínú ẹgbẹ́ wa, a óò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alága wa pàápàá mi orí nígbà tí mo sọ ọ́. Òun náà ní kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi kọ́ ilé náà, kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀, iná ni kò sí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti gbé e díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, bẹntiróòlù yóò tán. Mo mú fọ́tò méjì wá. Ọ̀kan ni èyí tí mo yà ní ọjọ́ Iléyá, pẹ̀lú fìlà mi. Èkejì ni ti ọmọ náà nígbà tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí bàtà rẹ̀ kan ti tú okùn. Ó gbé wọn sí abẹ́ ẹ̀rọ kan tó tan ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n sọ ohun tí n óò kọ. Mo ti rò ó láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tí ó ń dúró, ohun tó jáde lẹ́nu mi kò gùn: “Èmi ni bàbá ọmọ tó wà nínú fọ́tò yìí. N kò kú. Igàndó ni a ń gbé nígbà tí o lọ. Ìkòtún ni mo wà báyìí. Omi gbígbóná dá àpá sí ọ ní ọrùn ọwọ́ òsì, èmi ni mo gbé ọ dé ọsibítù.” Lẹ́yìn èyí ni orúkọ agboolé wa àti nọ́ńbà fóònù mi. Ó fi Òyìnbó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó kà á fún mi, mo gbọ́ ibi tí mo ti gbọ́.

Nígbà tí ó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà tí ojú mi yọ díẹ̀díẹ̀ láti orí fìlà wá sí àgbọ̀n, mo kí i. Mo ṣàdúà fún un. Kò sí irọ́ nínú àdúà yẹn.

Láti ìgbà náà, bí a bá kírun Jímọ̀ tán, ilé kọ̀ǹpútà ni mo máa ń gbà lọ. Yóò ṣí i fún mi, n óò wò ó, n óò máa lọ. Òǹkà kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń sọ iye ènìyàn tó ti wọlé. Ó sọ òtítọ́ fún mi pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èmi àti òun ni. Àwọn oníyẹ̀yẹ́ kan pè mí, àwọn obìnrin méjì kan tí Yorùbá wọn dá geere ní àwọn ni ọmọ mi, kí n fi káàdì fóònù ránṣẹ́. Mo bi wọ́n ní orúkọ ìyá wọn, wọ́n sì gé e. Inú mi kì í bàjẹ́ sí ìyẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ọ̀sẹ̀ tí fóònù kò dún rárá. Nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ọdún kan, ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ tó ń ka ènìyàn fi hàn pé ẹnì kan wọlé láti Ìlú Ọba. Mo ní ṣé ọmọ mi ni. Ó ní òun kò lè mọ̀, pé ó lè jẹ́ ẹni tó ṣìnà. Mo sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ Jímọ̀ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ kò. Mo dé ilé kọ̀ǹpútà, ó ń tún nǹkan ṣe fún oníbàárà, kò gbé ojú sókè. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ ni mo bẹ̀ pé kó bá mi ṣí i. Ó tẹ orúkọ mi. Ojú ọkùnrin mìíràn ni ó yọ. Ó wọ aṣọ òyìnbó, ó ń rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ tí wọ́n pín sí púlọ́ọ̀tì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ mi sí òkè orí rẹ̀ gàdàgbà. Fọ́tò ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Àwòrán àwọn ọmọ tirẹ̀ ni mo rí, mẹ́rin, tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn níwájú ilé kan.

Mo bi ẹni tó ni ilé kọ̀ǹpútà pé kí ni èyí.

Ó ní, “Daddy, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń jẹ́ orúkọ yẹn. Alájì yẹn náà ń jẹ́ ẹ. Ìpájà ló ti ń ta ilẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí.”

Mo ní, “Ta ló sọ fún ọ pé kí o fún un?”

“Orúkọ ta ló wà lára àdírẹ́ẹ̀sì yẹn? Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fi tèmi sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òmíràn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ yín náà ni, mo kàn máa fi nọ́ńbà méjì tì í lẹ́yìn ni.”

“Ọmọ mi ńkọ́?”

Ó wá gbé ojú sókè. Ó ní, “Ọmọ yín, ọmọ yín. Ó ń lọ sí ọdún méjì, Daddy. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin tí ẹ ń wá wo ara yín ní Jímọ̀-Jímọ̀, ta ló wá yín?”

Ẹni tó bá mi tẹ kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Bàbá Nọ́ńbà Méjì.” Àwọn yòókù náà rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ síta, n kò sì mọ bí mo ṣe dé ilé.

Nígbà tí ààwẹ̀ wọ ọjọ́ kẹwàá, alága ẹgbẹ́ bíríkìlà pe ìjókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni náà, ó sì wá. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó wá. Mo gbé rìsíìtì àti ìwé àdéhùn kalẹ̀. Alága bi í pé bí òun bá kọ́ ilé fún un tí òun wá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ni yóò máa pe òun. Ó ní olè ni, sà. Alága ní, “O ti dá ẹjọ́ ara ẹ.” Wọ́n ní kó dá àdírẹ́ẹ̀sì padà. Ó ní òun kò lè ṣe é mọ́, pé ó ti kúrò lábẹ́ ọwọ́ òun, pé ẹni tó gbà á nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ ni, wọn yóò ti dìde lọ síbẹ̀, wọn yóò ti wó ògiri tí ẹni ẹlẹ́ni mọ sórí rẹ̀. Èyí kò ní ibi tí wọ́n lè dúró lé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti há, ẹnì kan nínú àwọn àgbà ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó nà gbalaja sórí iyanrìn níwájú mi, ó fi àyà kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ dárí jì mí, Daddy, iṣẹ́ èṣù ni.” Gbogbo wọn sì yí ojú sí mi.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ọmọdé dọ̀bálẹ̀ fún ní gbangba, tí àwọn àgbà sì wà níbẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè sọ. Bí ó bá dákẹ́, òun ni yóò di ẹni tó ṣẹ̀. Ó nà síbẹ̀, kò dìde. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé inú ààwẹ̀ la wà. Mo ní, “Mo ti gbọ́.” Wọ́n dúpẹ́. Alága ṣàdúà, a ṣe àmín, olúkúlùkù sì tú ká lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn. Nígbà tí mo sọ fún alága lọ́jọ́ kejì pé mo fẹ́ lọ bá ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Ìpájà fúnra mi, ó ní kí n ní sùúrù títí tí a óò fi túnu, kí wọ́n má baà sọ pé mo gba ẹ̀bẹ̀ tán mo tún ń wá ìjà. Mo ní sùúrù. Nígbà tí mo gba ilé kọ̀ǹpútà kọjá láàárín ìgbà yẹn, ọ̀gbẹ́ni náà kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo ní kó bá mi fi nọ́ńbà fóònù mi sí ibì kan lójú ìwé Alájì yẹn ná. Ó ní, “Daddy, ṣebí ẹ ti ní ẹ ti gbọ́.”

Lẹ́yìn ìtúnu, mo lọ sí Ìpájà. Ẹni tí a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà gbà mí tayọ̀tayọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, “Orúkọ mi, ẹ jókòó,” bí ẹni tó bá ara wọn jẹ́ orúkọ ti máa ń pe ara wọn, ó sì ní kí wọ́n fún mi ní omi. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó yọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú mi, orúkọ mi ni mo bá níbẹ̀, kò lé, kò dín. Ó ní bàbá òun náà ló sọ òun lórúkọ yẹn ní ọjọ́ kẹjọ, pé òun kò jí i. Ó ní bí òun bá bọ́ ọ sílẹ̀, èwo ni òun yóò máa jẹ́? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n fi fọ́tò ọmọ náà sí ìsàlẹ̀, kó kéré bó bá ṣe wù ú. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí ó bá fọ́tò ọmọ tí wọ́n ń wá níbẹ̀, ẹ̀rù yóò bà á, yóò rò pé wọ́n ti jí ọmọ gbé lórí ilẹ̀ náà rí. Kí n tó dìde, ó bi mí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ó ní òun ní ọgbà kan tí òun fẹ́ mọ yíká ọ́fíìsì náà.

Mo gba iṣẹ́ náà. Àwọn tó gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ ní mo ti gba owó ẹ̀yìn, pé mo ta ọ̀rọ̀ ọmọ mi. N kò jiyàn. Ohun tí mo rò ni pé bí ọmọ náà bá wálé, tí ó sì tẹ̀lé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ fún un, ọ́fíìsì yẹn ni yóò wá. Mo fẹ́ wà níbẹ̀. Nítorí èyí, mo mọ̀ọ́mọ̀ fa iṣẹ́ ọgbà náà gùn. Bí mọ́tò bá dúró tí ọmọbìnrin kan sọ̀, n óò ju tírówẹ́lì sílẹ̀, n óò sì wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọdún ti yí kí iṣẹ́ náà tó kù díẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì, ìyá jẹ́jẹ́ kan láti ìhà Oǹdó, ń bá mi tàkúrọ̀sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo jókòó sí abẹ́ ibòji. Ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn, òun ń gbé e lọ sí ọsibítù Igàndó. Mo ní mo mọ ibẹ̀ dáadáa, pé mo ti gbé ìtòsí ibẹ̀ rí. Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ná, Bàbá. Obìnrin kan pè wá láti Lọ́ńdọ̀nù nínú ààwẹ̀ tó kọjá yẹn. Ó ń bèèrè bóyá ọ̀gá gbé Igàndó rí.”

Mo bi í pé kí ni ọ̀gá sọ.

Ó ní, “Ọ̀gá ní rárá, òun ò gbé ibẹ̀ rí. Obìnrin náà tún un bi, ó ní ṣé ó dá a lójú. Ọ̀gá ní ó dá òun lójú. Ó wá ní ká má bínú, ó gé e.”

Mo bèèrè nọ́ńbà. Ó ní nọ́ńbà kì í yọ bí ìpè bá wá láti òkè òkun. Mo bi í bóyá ó tún pè. Ó ní kò pè mọ́. Mo wọlé lọ bá ọ̀gá, mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní òun kò rántí, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe òun lójúmọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni òun yóò sọ. Lóòótọ́, òtítọ́ ni ó sọ. Kò gbé Igàndó rí.

Mo ti ṣírò rẹ̀ títí. Inú ààwẹ̀ ni ìpè náà wọlé, nígbà tí mo ń ní sùúrù kí wọ́n má baà pè mí ní oníjà. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣí wẹ́bùsáìtì tuntun, èyí tí nọ́ńbà méjì wà ní ìparí rẹ̀, wọ́n ṣí i, kò sí ẹni tó pè. N kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò pè. Ẹni tó bá ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni yóò tún máa wá? Ọgbà náà ti parí. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Mo gbé ẹjọ́ yìí síwájú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ mọ́. Ẹni tó ni ilé kọ̀ǹpútà ní òun ti tọrọ ìdáríjì, mo sì ti gbà. Orúkọ mi ti Ìpájà ní òun kò ṣe ju kí òun jẹ́ orúkọ òun, kí òun sì sọ òtítọ́. Alága ní òun fẹ́ àlàáfíà. Èmi náà mọ̀ pé èmi ni mo ní kó fi í-méèlì rẹ̀ sí i, n kò bò ó. Ẹ gbé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yẹ̀ wò. Kí ẹ bá mi sọ, láì wo ojú ẹnikẹ́ni, èwo nínú wa ni ó jẹ̀bi ọmọ yẹn.